“Lọ́jọ́ Ajé, Kí Ni Yóò Máa Ṣe?”

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán nílé wa ní Òdògbólú, bàbá mi bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò rí èsì fún. Àbúrò mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, máàkì rẹ̀ kò sì tó lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó kúnlẹ̀, ó ní bí Bàámi bá fún òun láyè, òun fẹ́ yí i padà lọ́tẹ̀ yìí. Òun fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní sosiọ́lọ́jì, ní yunifásítì tó wà ní Ìjàgun.

Bàbá mi kì í pariwo. Bíríkìlà ni. Ó ti ń mọ ilé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, bó ṣe ń fi okùn wọn ògiri náà ló ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ó yíjú sí mi, nítorí pé èmi nìkan ló tíì lọ sí yunifásítì nínú wa.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, bó bá jí lọ́jọ́ Ajé, mo mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò lọ gún abẹ́rẹ́. Bíríkìlà, bó bá jí lọ́jọ́ Ajé, yóò po sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ka ìwé tí àbúrò rẹ ń wí yìí, bó bá jí lọ́jọ́ Ajé, kí ni yóò máa ṣe?”

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kò ní orí, kò ní ìdí. Mo sọ̀rọ̀ nípa ‘àǹfààní’ àti ‘ìdàgbàsókè’. Bàbá mi kàn ń wò mí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Nígbà tí èmi náà fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá, ó bi mí pé ṣé n kò gbọ́ Yorùbá látilẹ̀ ni. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, n kò dá a lóhùn, ó sì sanwó náà bẹ́ẹ̀. Lónìí, mò ń fi ìwé kíkọ àti ìtumọ̀ ṣíṣe jẹun. Oṣù kan á dára, oṣù kejì á gbẹ. Bàbá mi mọ̀, nítorí pé òun ni mo máa ń pè nígbà tó bá gbẹ. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ìbéèrè ẹni tó ti san irú owó yìí rí ni.

Ó tún fi kún un pé, “Orúnkún mi ti ń dùn mí. Owó tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè jáde. Bó bá bọ́ sódò, òmíràn ò sí. Má fi ìbínú dá mi lóhùn. Lọ wádìí. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wá sọ ohun tí o rí fún mi.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo wádìí. Mo kọ ohun tí mo rí síbí nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó wà nílé wa ti wà nínú ìwé

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ìyá mi ń yan gàrí tà. Òun àti àwọn obìnrin mọ́kànlá mìíràn jọ ń dá èsúsú. Iye kan náà ni kálukú ń dá, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á kó o nígbà mìíràn, títí tí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Owó èsúsú ló ra ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Lójú tiwa, nǹkan àwọn ìyá ni. Kò sẹ́ni tó ka sí ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Bascom wá gbé ní Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, ó ń bi àwọn èèyàn léèrè bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn. Ní ọdún 1952, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ nílùú Lọ́ńdọ̀nù, èsúsú Yorùbá sì ni gbogbo àkòrí rẹ̀. Ó tú u palẹ̀ bí ètò owó yíyá tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí kò ní báńkì, tí kò ní lọ́yà, tó jẹ́ pé ìgbẹ́kẹ̀lé àti ìtìjú ni ó so ó ró. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wọ́n ti gbé wa dé Lọ́ńdọ̀nù, a ò sì gbọ́?”

Bascom kọ́ ló ṣáájú pàápàá. Ọmọ Yorùbá kan ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú àkókò náà. Orúkọ rẹ̀ ni Nathaniel Akinremi Fadipe. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1893. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kà ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ó sì fi ìbágbépọ̀ àwọn Yorùbá ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní London School of Economics, ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun àgbáyé kejì. Mọ̀lẹ́bí, ìgbéyàwó, ilẹ̀, oyè, ẹ̀sìn: gbogbo ohun tí a rò pé a mọ̀ nítorí a bí wa sínú rẹ̀ ni ó jókòó tì, tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó kú ní 1944. Iṣẹ́ náà kò di ìwé títí di ọdún 1970, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú! Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé Yorùbá ṣe rí kí ayé tó yí padà báyìí, ìwé náà ni yóò ṣí.

Nígbà tí mo ka èyí, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àwùjọ kò jìnnà sílé wa. Ohun tó ń ṣe ni pé ó mú ohun tí gbogbo èèyàn ń rí lójoojúmọ́, ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, ta ló ń jèrè, kí ló dé tó fi rí báyìí dípò bó ṣe lè rí? Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé á bi owó. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ òṣèlú á bi agbára. Ẹni tó kọ́ jọ́gíráfì á bi ibi tí nǹkan wà. Ẹni tó kọ́ sosiọ́lọ́jì á bi ohun tó so èèyàn pọ̀ àti ohun tó tú wọn ká.

Ẹ mú Ojúde Ọba wò, ní ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo wa ń rí aṣọ àti ẹṣin. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ yìí yóò wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń kọjá níwájú ọba, yóò sì bèèrè pé: ta ni wọ́n ń gbà sínú ẹgbẹ́, ta ni kò lè san owó aṣọ, kí ni ẹgbẹ́ náà kọ́ sí ìlú lọ́dún yìí, kí ló sì mú kí ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo?

Ìjàgun kò jìnnà

Mo wọkọ̀ dé Ìjàgun. Ìjọba ìbílẹ̀ Òdògbólú náà ni Ìjàgun wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ yunifásítì náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2005 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ ọ́ di Tai Solarin University of Education, yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó wà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á sọ́wọ́. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ náà ló dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé kò gbà pé kí ọmọ kàwé láìmọ ọkọ́ dì mú.

Ohun kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín ibẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn sì wà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àwùjọ àti ìmọ̀ ìṣàkóso. Nítorí pé yunifásítì ẹ̀kọ́ ni, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ètò ọrọ̀ ajé tàbí òṣèlú níbẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn, wọ́n sì ń lọ fi ara kọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwé kí wọ́n tó jáde. Mo kọ èyí sílẹ̀ fún bàbá mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ ní ohun kan tó lè ṣe lọ́jọ́ Ajé, ó kéré tán: ó lè dúró níwájú kíláàsì.

Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ibòmíràn láìkúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982. Ní ẹ̀ka ìmọ̀ òṣèlú ibẹ̀, àga ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà fún ìmọ̀ ìṣèjọba tó ń jẹ́ orúkọ Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona, ọba tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí tó fi wàjà ní 2025. Ọba Ìjẹ̀bú kò ka ìmọ̀ yìí sí eré.

Kí ni liberal arts?

Ní báyìí, àbúrò mi ti rí ọ̀rọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó mú un lọ́kàn: liberal arts college. Ó ní ibẹ̀ ni òun ìbá lọ bí owó bá wà. Mo ní láti wá ìtumọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Wọn kì í ní kí ọmọ ọdún méjìdínlógún yan iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́jọ́ tó bá wọlé. Yóò kọ́kọ́ tọ́ ìtàn, ìṣirò, lítíréṣọ̀, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ wò, lẹ́yìn náà ni yóò mú ọ̀kan ní kókó. Èrò wọn ni pé iṣẹ́ lè yí padà lọ́wọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ti ń ronú, tó mọ̀wé kọ, tó mọ iye kà, yóò rí ọ̀nà sínú iṣẹ́ tuntun.

Àwọn ọmọ Áfíríkà ti gba ibẹ̀ kọjá, a sì mọ orúkọ wọn. Kwame Nkrumah gba oyè nínú ètò ọrọ̀ ajé àti sosiọ́lọ́jì ní Lincoln University, ní Pennsylvania, ní 1939. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni Nnamdi Azikiwe ti gba oyè nínú ìmọ̀ òṣèlú ní 1930, kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀yà àti àṣà ọmọ ènìyàn ní Yunifásítì Pennsylvania. Àwọn méjèèjì ló padà wá di olórí orílẹ̀-èdè. Ní Ghana tó wà nítòsí wa, Patrick Awuah, tó kàwé ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ Swarthmore, tó sì ti ṣiṣẹ́ ní Microsoft, padà wálé wá dá Ashesi sílẹ̀ ní 2002. Bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ni ọmọ ń kọ́ níbẹ̀, kò ní ṣàì kọ́ nípa àwùjọ Áfíríkà àti nípa ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́.

Nàìjíríà náà tọ́ díẹ̀ wò nínú ọbẹ̀ yìí. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn ní Nsukka ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan, ẹ̀kọ́ gbogboogbò wà nínú ètò rẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. GST tí gbogbo wa ń sá fún lónìí, tí a ń kà ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò nìkan, ìran rẹ̀ ni. Mo sọ fún àbúrò mi pé bí kò bá lè lọ sí Amẹ́ríkà, kó má fi GST ṣeré, kó sì ka ìwé tí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó ń wá wà ní ibi ìkówèésí, kò sì sẹ́ni tó ń lé èèyàn níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò bi mí léèrè ẹni tó di ààrẹ. Ó bi mí léèrè ọjọ́ Ajé. Mo wá obìnrin kan kàn tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú sosiọ́lọ́jì, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìní ní ọsibítù kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó ṣe ní ọjọ́ Ajé tó kọjá fún mi.

Ó ní wọ́n gbé bàbá kan wá láti ojú títì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Dókítà tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, ó parí tirẹ̀. Òun ló jókòó tì í títí tó fi rántí orúkọ àdúgbò kan. Òun ló pe ṣọ́ọ̀ṣì, tó pe mọ́ṣáláṣí, tó pe ẹgbẹ́ awakọ̀, títí wọ́n fi rí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà ní àwọn ti bá bàbá náà jà láti ọdún mélòó kan. Òun náà ló parí ìjà yẹn lórí fóònù kí bàbá náà tó ríbi lọ. “Bí mi ò bá sí níbẹ̀,” ó ní, “ibùsùn náà kò ní ṣófo fún ẹlòmíràn.”

Mo bi í bóyá iṣẹ́ náà tètè yá. Kò parọ́ fún mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ lówó táṣẹ́rẹ́ kó tó rí i. Mo kọ èyí náà sílẹ̀.

Mo tún rántí ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó. Ogún èèyàn ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Dókítà àti nọ́ọ̀sì jà, àwọn kan sì fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà tó ń kan ilẹ̀kùn. Èèyàn 894 tó ti ní ìfarakanra pẹ̀lú aláìsàn ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, níbi tí àrùn náà ti pọ̀ jù, òkú sísin wà lára ohun tó ń tàn án ká, nítorí pé àwọn ẹbí ń wẹ òkú wọn. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú pamọ́. Àwọn onímọ̀ nípa àṣà wà lára àwọn tó jókòó ti àwọn àgbà, tí wọ́n bèèrè ohun tí ìsìnkú túmọ̀ sí fún wọn, tí wọ́n sì jọ wá bí a ti lè sin òkú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ kò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ wo ètò ìkànìyàn náà. Ní 1991, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé a ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Nígbà tí wọ́n kà wá, mílíọ̀nù 88.9 ni. Ní 2006, mílíọ̀nù 140. Láti ìgbà náà, a kò tíì tún ara wa kà. Bí a ṣe ń kọ́ ilé-ìwé, bí a ṣe ń gbẹ́ kànga, bí a ṣe ń pín owó, orí iye tí a rò pé a jẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bàbá mi tó jẹ́ bíríkìlà yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti mọlé lórí ìwọ̀n tí kò dájú.

Ẹni tí mo fi parí àkọsílẹ̀ mi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí sí Kano ní 1931. Jọ́gíráfì ló kà. Ó kọ ìwé lórí àwọn ìlú Yorùbá ní 1962, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé ní 1980, ní 1999 sì ni Àjọ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni ohun tó ṣe nígbà tó padà sílé. Òun àti àwọn ará ìlú jókòó, wọ́n wádìí bí òṣì ṣe gbilẹ̀ tó ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì dá ètò sílẹ̀ láti fi gbógun tì í. Láti inú ètò náà ni owó yíyá fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti abúlé ẹlẹ́ja ní Eriwe ti jáde, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sin ẹja títí dòní. Ó kú ní 2022. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ ẹja Eriwe láìmọ̀ pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àwùjọ kan wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kejì

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. N kò fi ọdún mẹ́ta obìnrin ọsibítù náà pamọ́. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá wọ inú ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé ó ń sá fún ìṣirò ti ṣìnà, torí pé ìṣirò ń bẹ nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ní WAEC. Bí ó bá sì jẹ́ ètò ọrọ̀ ajé ló fẹ́ kà, kò lè yọ ìṣirò kúrò nínú ohun tí yóò ṣe ní JAMB. Mo sọ fún un pé kó tó jáde, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń to iye sínú kọ̀ǹpútà, kó mọ bí a ti ń kọ ìjábọ̀ tó já gaara. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó.

Bàbá mi dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò mi. “O gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá wádìí èsúsú. Èsúsú ìyá rẹ wà níbí. Obìnrin mẹ́ta ti kúrò nínú rẹ̀ láàárín ọdún kan, ìyá rẹ sì ń sọ pé wọn ò ní ìfaradà. Lọ bá mi mọ ìdí tí wọ́n fi kúrò.”

Àbúrò mi mú ìwé kan, ó lọ bá gbogbo obìnrin méjìlá náà, àti àwọn mẹ́ta tó kúrò, tí àwọn mìíràn ti rọ́pò wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é. Kò bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi kúrò. Ó ní ẹnikẹ́ni tí a bá bi bẹ́ẹ̀ yóò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní kí kálukú sọ ọjọ́ tí owó máa ń wọlé fún un àti ọjọ́ tó máa ń jáde.

Ohun tó rí rèé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń gba owó èsúsú. Ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún ni àwọn mẹ́ta náà ń ná, wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjà náà kì í tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Àbámẹ́ta mìíràn á bọ́ sí ọjọ́ kejì ọjà, tí owó wà, òmíràn á bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, tí gbogbo owó ti wọ inú ẹ̀gẹ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń yá owó láti fi san èsúsú. Nígbà tí gbèsè náà pọ̀, ìtìjú mú wọn, wọ́n sì kúrò. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń tà lójoojúmọ́, bíi ìyá mi, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n rò pé ìwà ni.

Ìyá mi gba ìwé náà, ó wò ó, ó ní, “Ọdún méje ni mo ti ń gba owó yìí.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, wọ́n fi ìkówójọ sí ọjọ́ kejì ọjà. Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà ti padà. Ẹnì kẹta ní òun kò fẹ́ mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Bàbá mi bi mí ní kọ̀rọ̀ pé, “Ṣé wọ́n máa ń sanwó fún irú iṣẹ́ báyìí?”

Mo ní, “Wọ́n máa ń san án, Bàámi. Kì í tètè dé ni.”

Ó ní, “Owó ilé kíkọ́ náà kì í tètè dé.” Ní ọjọ́ kejì, ó fún àbúrò mi ní owó fọ́ọ̀mù JAMB.

N kò mọ̀ bóyá yóò wọlé. Ìdánwò ṣì wà níwájú, mo sì ń bá a ṣe ìṣirò ní alaalẹ́ bí mo bá wà nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ òbí, tí ọmọ yín bá sì dárúkọ ẹ̀kọ́ kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ má kọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi ìfẹ́ nìkan sanwó. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò máa ṣe lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti lọ wá èsì rẹ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ ọmọ, ẹ má bínú sí ìbéèrè náà bí èmi ti bínú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bàbá mi fẹ́ gbọ́ èsì náà ní tòótọ́.